Fóònù Wa, Kọ́kọ́rọ́ Ìsọ̀ Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Ẹ dákun, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, kí ẹ ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké nìyẹn. Owó yín ló wà nínú ẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ń pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà wọ́n bí ojú? Oníbàárà á dúró níwájú wa, ọjà á wà nílẹ̀, owó ò ní sí lọ́wọ́ ẹ̀. Àwa tí a ti ń fọ́nnu pé a ò gba tiránsífà, tipátipá la fi kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, owó tí a ń so mọ́ etí ìró ti ṣí lọ sínú fóònù. A jí ní àárọ̀, fóònù la kọ́kọ́ wò. A pa ìsọ̀ dé ní alẹ́, fóònù la fi ṣírò.

Ẹ wo ohun tó wà nínú fóònù ìyá kan ṣoṣo nínú wa. Owó tó wà ní báǹkì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó jẹ wá ní gbèsè, àti iye tí wọ́n jẹ, wà níbẹ̀. Ìwé àjọ wà níbẹ̀, ẹni tó ti kó àti ẹni tí kò tíì kó. Fọ́tò káàdì NIN, fọ́tò ọmọ, ọ̀rọ̀ tí ọkọ bá wa sọ lóru, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí olè bá fọ́ ìsọ̀ wa, ọjà tó bá lórí igbá ló máa kó lọ. Bí ó bá wọ inú fóònù wa, ó kó ti àná, ó kó ti òní, ó sì tún kó ti àwọn ẹlòmíì tó fọkàn tán wa.

Kí ló wá fa ọ̀rọ̀ yìí? Láti bí oṣù mélòó kan, ìròyìn kan ti ń jà ràn-ìn láti ìsọ̀ aláṣọ dé ìsọ̀ aláta. Wọ́n ní Android mìíràn wà tí wọ́n lè fi sínú fóònù wa, pé bí wọ́n bá ti fi sí i, Google ò ní rí wa mọ́, àwọn ayánilówó orí fóònù ò ní rí wa mọ́, àwọn ọmọ yàhúù náà ò ní rí wa mọ́. Àwọn kan lára àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ti ń gbowó fún un. Ní ìpàdé tó kọjá, àwọn ìyá kan dìde, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ pe ọ̀kan nínú wọn wá, kó ṣe é fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè dín owó ẹ̀ kù fún wa.

A ò dá wọn lóhùn lọ́jọ́ yẹn. A ní kí a lọ wádìí ná. A bi àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, a ka ohun tó yẹ ká kà, a sì fi ojú ara wa wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ìdáhùn wa nìyí. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan náà, nítorí ohun tí a ò bá mọ̀, ẹnikẹ́ni lè fi tà wá.

Fóònù dà bí ilé. Irin àti gíláàsì tí a ń rí, ògiri ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń darí gbogbo ẹ̀. Òun ló ń sọ pé kí iná tàn, kí ìpè wọlé, kí áàpù báǹkì ṣí, kí ẹni tí kò mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ má wọlé. Àwa á máa pè é ní ètò adarí. Android ni ètò adarí tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tí a ń lò nínú ọjà yìí. Ọdún 2008 ni fóònù àkọ́kọ́ tó ń lò ó dé orí àtẹ.

Google ló ń ṣe Android, ṣùgbọ́n wọn ò gbé gbogbo ẹ̀ pamọ́. Ìpìlẹ̀ ẹ̀ wà ní gbangba, bí ata lílọ̀ tí wọ́n gbé sí àárín ọjà. Ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ sè lè bù níbẹ̀, kó se tirẹ̀. Bí àwọn ètò adarí mìíràn ṣe jáde nìyẹn. Ní 2009, ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní CyanogenMod bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kógbá sílé ní òpin 2016, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ gbé LineageOS dìde láti inú ẹ̀, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lórí àwọn fóònù àtijọ́. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní GrapheneOS. Ọdún 2014 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀, ó sì gba orúkọ tó ń jẹ́ yìí ní 2019. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ pé orí fóònù Pixel nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, nǹkan yìí kì í ṣe àlá, kì í sì í ṣe oògùn. Ó wà lóòótọ́. Àwọn tó ń wá a náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ejò sì ti bù wá jẹ.

Àbí a ti gbàgbé àwọn ayánilówó orí fóònù? Ìyá kan á nílò owó díẹ̀ láti fi ra ọjà, á gba áàpù kan sórí fóònù, á tẹ "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" láìka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti gbà kí wọ́n ka gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù òun. Bó bá pẹ́ ní ọjọ́ méjì kó tó san án, wọ́n á fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí àna ẹ̀, sí pásítọ̀ ẹ̀, sí lémọ́ọ̀mù ẹ̀, sí oníbàárà ẹ̀, pé ọ̀daràn ni. A mọ àwọn tó tìtorí ẹ̀ kúrò ní ọjà fún oṣù kan, tí ojú ń tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA ti ìjọba àpapọ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí. Ní 2022, àjọ FCCPC gbé ìlànà jáde pé dandan ni kí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023, Google fúnra ẹ̀ fi òfin dè é pé áàpù ayánilówó tó bá wà ní Play Store ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò àwọn ènìyàn mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n fọwọ́ sí òfin ààbò àṣírí ará ìlú ní Nàìjíríà.

Ejò kejì tún wà. Ní 2019, Google sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn ènìyàn kan ti ki ètò burúkú kan tó ń jẹ́ Triada bọ inú àwọn fóònù Android kan kí wọ́n tó jáde ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Upstream tó ń ṣọ́ jìbìtì orí fóònù tún kéde pé àwọn rí ètò kan náà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n tà ní Gánà, Kamẹrúùnù, Ẹtiópíà àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ìyá á ra fóònù tuntun láti inú páálí, kò mọ̀ pé olè ti wà nínú ẹ̀. Owó ìpè ń lọ, dátà ń lọ, á ní àwọn ilé-iṣẹ́ síìmù ló ń jí òun lówó.

Ẹ rí i pé ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ètò adarí yé wa. Kí ló wá dé tí a fi ní kí ẹgbẹ́ má pe ọmọ náà?

Ìdí ni pé nǹkan méjì ni àṣírí àti ààbò, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi ń tà wọ́n fún wa. Àṣírí ni kí ẹni tí kò yẹ má mọ ohun tó wà nínú ìsọ̀ wa. Ààbò ni kí ẹni tí kò yẹ má lè wọlé. Ẹ lè ta aṣọ dúdú bo ojú fèrèsé ìsọ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má rí ọjà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ò bá ní àgádágodo, kí ni aṣọ dúdú fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá bọ́ lọ́wọ́ ojú Google, tí olè wá ń wọlé tó ń jáde nínú fóònù ẹ̀, èrè wo ló jẹ?

Fóònù tòde òní ní àgádágodo kan nísàlẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe èyí tí à ń fi ìka tẹ̀ lójú fóònù o. Èyí máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí fóònù bá ń tàn. Ó máa ń yẹ ètò adarí wò, bóyá òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é ṣì wà lára ẹ̀, bóyá ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Kí ọmọ tó ń tún fóònù ṣe tó lè fi ètò mìíràn sí i, àfi kó kọ́kọ́ ṣí àgádágodo yẹn. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bó bá ti ṣí i láti fi LineageOS sí i, ṣíṣí náà ló máa wà. Ẹni tó bá rí irú fóònù bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ yín fún ìwọ̀nba wákàtí lè ki ohun tó wù ú bọ inú ẹ̀, kó dá a padà, kí ẹ má sì mọ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ọmọ yẹn ló la ògiri, àwa la sì sanwó fún un.

A ò bu LineageOS. Àwọn tó ń ṣe é kì í ṣe olè, wọn ò sì fi ohun tó wà níbẹ̀ pamọ́. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pa tì, wọ́n lè mú Android tó tuntun jù dé orí ẹ̀, kó tún wúlò fún ọmọ tó fẹ́ fi kàwé tàbí fi wo fídíò. Ṣùgbọ́n kò sí bí wọ́n ṣe lè tún àwọn apá kan tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ ṣe. Fóònù ọmọ nìyẹn, kì í ṣe fóònù tí owó àjọ wà.

GrapheneOS yàtọ̀ ní tirẹ̀, a ò sì ní fi òótọ́ ẹ̀ pamọ́ fún yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sí i tán, wọ́n máa ń ti àgádágodo ìsàlẹ̀ náà padà, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tirẹ̀. Ó fún onífóònù láyè láti sọ fún áàpù kan pé ìwọ ò gbọdọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Bí áàpù bá ní kí ẹ fi gbogbo nọ́ńbà inú fóònù han òun, ẹ lè fi ẹyọ kan péré hàn án. Bí ẹ ò bá ṣí fóònù náà fún wákàtí 18, ó máa pa ara ẹ̀, á tún ara ẹ̀ tàn, kí ó lè ṣòro fún ẹni tó jí i láti rí ohun tó wà nínú ẹ̀. Nǹkan gidi ni. Bí ọmọ yín bá mọ̀ ọ́n lò, tó sì ní Pixel, kó lò ó, kò burú. Orí ìkànnì GrapheneOS gan-an ni kó ti gbà á, kí ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é, kí ó má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lójú títì.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní Pixel? Fóònù tí à ń gbé kiri nínú ọjà yìí, GrapheneOS ò sí fún wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè fi GrapheneOS sí fóònù olówó kékeré tó wà lọ́wọ́ yín, irọ́ ló ń pa. Ọ̀rọ̀ báǹkì tún wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù báǹkì ló máa ń béèrè lọ́wọ́ ètò Google pé: ṣé fóònù yìí ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, áàpù náà lè kọ̀, kó má ṣí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí nìyẹn, ó sì fún wa láyè láti sọ ọ́.

Aṣọ ni ìyá náà ń tà. Òun ló ń gba àjọ ènìyàn méjìlá ní ìlà ìsọ̀ ẹ̀. Fóònù ẹ̀ ń falẹ̀, ó gbé e lọ fún ọmọ kan tó ń tún fóònù ṣe. Ọmọ náà ní òun á fi Android mìíràn sí i, tó yá, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní lè ṣọ́ ọ. Ó gbowó, ó ṣe é. Lóòótọ́, fóònù yá. Ṣùgbọ́n áàpù báǹkì kọ̀, kò ṣí. Ìyá padà lọ bá ọmọ náà. Ọmọ ní kí ó má yọnu, òun mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó wá áàpù báǹkì kan náà láti ibòmíràn tí kì í ṣe Play Store, ó fi sí i, ó ṣí wẹ́rẹ́. Ìyá dúpẹ́, ó tún fún un lówó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹnìkan fẹ́ kó àjọ, owó ti lọ, ó ku táṣẹ́rẹ́. Báǹkì ní nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ẹ̀ gangan ni wọ́n fi kó o. Ìyá búra pé òun ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òótọ́ ló sì sọ. Áàpù yẹn ló ti ń tẹ nọ́ńbà náà fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi sí i.

A pe ọmọ náà sí ìpàdé. Ó sunkún, ó búra pé òun ò mọ nǹkan kan nípa owó, pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti rí ètò méjèèjì, pé ẹnìkan ló fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí òun. A gbà á gbọ́. Ohun tó bà wá lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọmọ náà ò mọ ẹni tó ṣe ohun tó fi sínú fóònù ìyá, ìyá ò mọ̀, àwa náà ò mọ̀. Ẹni tí a ò mọ orúkọ ẹ̀, tí a ò mọ ìlú ẹ̀, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ wa dání. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, díẹ̀díẹ̀ ni ìyá náà ń san owó àwọn ènìyàn padà nínú èrè aṣọ.

Nítorí náà, èrò wa ò lọ́jú pọ̀ rárá. Ẹgbẹ́ ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni wá pààrọ̀ ètò adarí fóònù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é sí fóònù ara ẹ̀, òun ló ni fóònù ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò lè dè é lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba àjọ, tó ń kó owó ẹgbẹ́, tàbí tí orúkọ àwọn onígbèsè wà lọ́wọ́ ẹ̀, a ní kó má ṣe é sí fóònù tó ń lò fún iṣẹ́ náà. Àṣírí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ ní ká má ṣe èyí, kí ni ká wá ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ ohun tí ọmọ yẹn ń tà fún wa, ọ̀fẹ́ ni a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí, ẹni tí kò bá lè kà, kí ọmọ ẹ̀ kà á fún un.

Èkíní, ẹ wo áàpù kọ̀ọ̀kan tó wà nínú fóònù yín. Ní inú Settings, ibì kan wà tí wọ́n kọ Permissions sí. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí áàpù tó ń wo nọ́ńbà, fọ́tò àti ibi tí ẹ wà. Kí ni iná tọ́ọ̀ṣì fẹ́ fi nọ́ńbà oníbàárà yín ṣe? Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Áàpù tí ẹ kò lò, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Èkejì, ibi kan ṣoṣo ni kí ẹ ti máa gba áàpù, Play Store. Bí ẹnikẹ́ni bá fi áàpù ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ìbáà jẹ́ àbúrò yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, bí fóònù bá sọ pé àtúnṣe tuntun ti dé, ẹ gbà á. Dátà tó máa jẹ kò tó owó tí olè máa kó. Nínú Settings náà, ẹ wo ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò dé kẹ́yìn. Bó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ má fi fóònù yẹn ṣe báǹkì mọ́ bí agbára bá wà. Bí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ béèrè pé ọdún mélòó ni wọ́n máa fi ṣe àtúnṣe fún un. Láti 2023 ni Google ti ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní 2024. Àwọn olówó kékeré ò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò dọ́gba láàárín ara wọn. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe ń béèrè ọjọ́ tí ọjà inú agolo máa bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà ti fóònù yín, kì í ṣe 123456, kì í ṣe ọdún tí ẹ bí àkọ́bí. Ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ sí síìmù náà. Bí olè bá yọ síìmù yín bọ inú fóònù mìíràn, òun ló máa gba nọ́ńbà tí báǹkì bá fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ síìmù yín o, nítorí bí a bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á ti ara ẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí ẹ bá gbé fóònù fún àtúnṣe, ẹ má sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá jẹ́ pé ó máa sùn síbẹ̀, ẹ yọ síìmù, ẹ kó ohun tó wà nínú ẹ̀ síbòmíràn, kí ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà ni ti fóònù tòkúnbọ̀, nítorí púpọ̀ nínú wa ló ń rà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn níwájú yín, kí ẹ fi ojú sí i. Bí àgádágodo ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ti ṣí, ọ̀pọ̀ fóònù á fi ìkìlọ̀ hàn lójú ẹ̀ kí ó tó tàn tán, àwọn mìíràn á fi í hàn pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn. Bí ẹ bá rí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí wọ́n bá ní "kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má wò ó," ẹ tètè dìde.

Ẹ̀keje, ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà gígùn kan á jáde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé nílé. Ẹ kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe báǹkì yín náà síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá jí fóònù, kì í ṣe ọjọ́ ẹkún ni ìgbà àkọ́kọ́. Báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí wọ́n ti àkáǹtì, lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ síìmù. Ẹ lè wá sunkún lẹ́yìn ìyẹn, a ó bá yín sun ún.

Ìwé àjọ nìkan ló kù. Ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé gidi, èyí tí à ń fi gègé kọ. Ẹ má fi orúkọ àwọn ènìyàn àti owó wọn sínú fóònù nìkan. Bí fóònù bá lọ, kí ìwé kù. Bí ìwé bá jóná, kí fóònù kù. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a máa gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú gbogbo ilé kí ẹ dìbò sí i. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, kó wá sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Kì í ṣe pé ìgbìmọ̀ ló gbọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù lé ọmọ kankan lọ́wọ́ láàárín ìsinsìnyí àti ọjọ́ náà, ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: "Ọmọ mi, ta ló ṣe ohun tí o fẹ́ fi sínú fóònù mi yìí?" Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gba fóònù yín, ẹ kí i, ẹ máa lọ.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ogun àdánù. Ajé á wọlé, kò ní bá ẹ̀yìn jáde o. Àṣẹ.